Ìkéde ní Ṣọ́ọ̀ṣì àbí Ìwé Àṣẹ Bíṣọ́ọ̀bù?

Ní ìlú kékeré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1850, mẹ̀kúnnù tó fẹ́ gbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà á gba ti ìkéde. Àlùfáà á ka orúkọ àfẹ́sọ́nà méjèèjì sétí ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta. Ẹni tó bá mọ ìdíwọ́ kan á dìde sọ ọ́. Owó rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ gbogbo ìlú ti gbọ́ (olófòófó ò ní sùn).

Olówó ní tirẹ̀ á búra níwájú aṣojú bíṣọ́ọ̀bù pé kò sí ìdíwọ́, á sanwó, á gba ìwé àṣẹ láti gbéyàwó láìsí ìkéde, ó tán. Èmi fara mọ́ ìkéde: ẹni tó níyàwó nílé lè búra èké, kò lè tan gbogbo ìjọ.

Títí di 1886, aago méjìlá ọ̀sán kò gbọdọ̀ kọjá lórí ètò ìgbéyàwó náà.