Kọ́ńpìnnì umbrella tó ń san owó supply mi: ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún

Ẹ̀yin tíṣà wa tó ń ṣe supply ní England, ìyẹn ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dúró fún tíṣà tí ò sí níbi iṣẹ́, ẹ gbọ́ o. Umbrella tí ájẹ́ńsì tó ń bá mi wáṣẹ́ ní Birmingham fà mí lé lọ́wọ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, gbogbo wọn ló kàn. Ká kọ́kọ́ fún wọn ní tiwọn ná: wọn ò jí kọ́bọ̀ mi rí, àárọ̀ Friday lowó máa ń wọlé, payslip á ti wà nínú áàpù, tí mo bá sì ṣí áàpù HMRC, àjọ tó ń gba owó orí, iye tí wọ́n ní àwọn yọ náà ni mo ń bá níbẹ̀. Ẹ má fojú kéré ìyẹn, torí àwọn tí ò rí bẹ́ẹ̀ wà nígboro.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Ilé ìwé á san fún ájẹ́ńsì, ájẹ́ńsì á mú tiẹ̀, á fi ìyókù ránṣẹ́ sí umbrella, umbrella lọ̀gá yín lórí ìwé, òun lá yọ owó orí àti National Insurance (owó ìdójútòfò ìjọba) kó tó fún yín léyìí tó kù. Kò burú. Réètì gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Wọ́n á ní £165 lójúmọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á ti fi ọjọ́ márùn-ún sọ ọ́ di £825, á ti máa fọkàn pín in, ti réǹtì rèé, tàwọn ará ilé rèé. Ẹ má tíì pín nǹkan kan jàre! £825 yẹn kì í ṣe owó iṣẹ́ yín, owó kọ́ńpìnnì ni, inú ẹ̀ ni wọ́n sì ti ń mú National Insurance tó yẹ kí agbanisíṣẹ́ san lápò ara ẹ̀.

Payslip kan ló wà níwájú mi báyìí. £825 ló wà lókè. Wọ́n yọ £20 tiwọn, ìyẹn margin. Wọ́n yọ nǹkan bíi £92, National Insurance ti agbanisíṣẹ́, torí láti April 2025 ó ti di 15% lórí ohunkóhun tó bá ju £96 lọ lọ́sẹ̀, 13.8% ni tẹ́lẹ̀, kì í sì í bẹ̀rẹ̀ títí owó á fi kọjá £175, ẹ ẹ̀ rí i pé ibi méjì ni wọ́n ti fún wa lọ́rùn. Wọ́n tún yọ £3.55 fún Apprenticeship Levy, owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ fún kíkọ́ ọmọ iṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ wo ni mo gbà o? Ó wá ku £709, ìyẹn gan-an lowó iṣẹ́ mi, bíi £76 nínú ẹ̀ ni wọ́n sì kọ orúkọ holiday pay, owó ìsinmi, sí lára. Ẹ̀yìn èyí ni owó orí tèmi fúnra mi wá wọlé, £93, àti National Insurance tèmi, £37. Iye tó dé báńkì: £579. Pẹ́ńṣàn ò tíì sí níbẹ̀ o. Tíyẹn bá bẹ̀rẹ̀, 5% tiyín àti 3% tọ̀gá, inú £825 kan náà ni méjèèjì ti ń jáde, kì í sì í ṣe Teachers' Pension, wọn ò gba àwa supply ájẹ́ńsì síbẹ̀.

Láti April 2020 lòfin ti ní kí ájẹ́ńsì fún yín ní Key Information Document kẹ́ ẹ tó gbà fún wọn, àpẹẹrẹ ìṣirò yìí ló máa ń wà nínú ẹ̀. Wọ́n fi tèmi ránṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ wọ́n rọ́ ọ mọ́ àárín fọ́ọ̀mù DBS (àyẹ̀wò bóyá èèyàn ti dá ọ̀ràn rí) àti ti safeguarding (ààbò àwọn ọmọ), réètì tí wọ́n sì fi ṣe àpẹẹrẹ kì í ṣe tèmi. Ẹ ní kí wọ́n fi réètì tiyín ṣe é.

Ọ̀rọ̀ holiday pay yìí ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù, torí ilé ìwé ń ti ìlẹ̀kùn ní August, kò síṣẹ́, kò sówó. Wọ́n á bi yín bóyá kí wọ́n máa san án lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni àbí kí wọ́n tọ́jú ẹ̀. Èmi ń gbà á lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, mo sì ń kó o sí àkáǹtì ọ̀tọ̀. Ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ wà ní umbrella yìí ní kí wọ́n bá òun tọ́jú tòun, ìméèlì lórí ìméèlì ló fi gbà á, wọn ò sì fi iye tó wà níbẹ̀ hàn án nínú áàpù. Nínú kọ́ńtírákì wọn, téèyàn ò bá bèèrè ẹ̀ kí ọdún holiday wọn tó parí, ó ti lọ nìyẹn. Ìràwọ̀ kan fò níbẹ̀.

Ìràwọ̀ kejì fò lórí £20 yẹn. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo ṣe lọ́sẹ̀ kan, £20 náà ni wọ́n yọ, wọn ò dín in. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù, orin lẹ ó máa gbọ́ títí etí á fi kún. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ tí mi ò ní P45, ìwé tí ọ̀gá àtijọ́ máa ń fúnni, kóòdù BR, èyí tó ń gba owó orí lórí gbogbo owó, ni wọ́n fi yọ owó orí mi, wọ́n ní HMRC ni kí n lọ bá, mo tún un ṣe lórí áàpù HMRC fúnra mi, owó náà sì padà wá nínú payslip. Ẹ̀dínwó pizza tí wọ́n ń fi ṣakọ nínú áàpù wọn, mi ò mọ ẹni tó bẹ̀ wọ́n.

Ó wá ku àwọn umbrella tí wọ́n á pè yín pé tiwọn, 85% lẹ ó mú lọ sílé. Ẹ sá! Owó kékeré ni wọ́n á san lórí PAYE, ètò tí wọ́n fi ń yọ owó orí kí owó iṣẹ́ tó dé ọwọ́ yín, wọ́n á pe ìyókù ní lóònù, tí HMRC bá wá dé, ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀. Orúkọ àwọn tí wọ́n ti mú wà lórí GOV.UK. Láti 6 April 2026, tí owó orí PAYE ò bá dé ọ̀dọ̀ ìjọba láti ọwọ́ umbrella, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ ájẹ́ńsì náà, bóyá ojú wọn á là díẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ájẹ́ńsì ló lè san yín tààrà lórí PAYE tiwọn o, wọn ò kàn ní kọ́kọ́ sọ ọ́ ni. Wọ́n á ní £140, ẹ ó máa wò ó pé £165 jù ú lọ. Ẹ bi wọ́n bóyá holiday pay wà nínú ẹ̀ ni àbí orí ẹ̀ ló ń gùn. Tó bá jẹ́ orí ẹ̀, £700 pẹ̀lú £84 ni, ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ £709 tèmi. Mo ti kọ̀wé sí consultant mi, ẹni tó ń bójú tó mi ní ájẹ́ńsì, pé PAYE ni mo fẹ́ ní September, ó ní òun ń bọ̀ wá wádìí ẹ̀. Kó yáa tètè wádìí, ájẹ́ńsì pọ̀ ní Birmingham.