Wíwá àwọn tó kú sí ogun Bọ́mà lórí ìkànnì Commonwealth War Graves Commission

Ọ̀pọ̀ agbo ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ṣì ń dárúkọ bàbá kan tó bá ogun Hitler lọ sí Bọ́mà (Myanmar òde òní), tí wọn kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Nítorí irú àwọn ẹbí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe yẹ ìkànnì Commonwealth War Graves Commission wò, àjọ tó ń tọ́jú ibojì àti ìrántí àwọn tó kú sógun, níbi tí ènìyàn ti lè wá orúkọ àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ tó kú nínú ogun àgbáyé méjèèjì. Ọ̀fẹ́ ni, fóònù àti dátà díẹ̀ ti tó.

Orúkọ tí mo fi dán an wò ni ti Hugh Seagrim, Méjọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí mo ti mọ ìtàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìkànnì náà sọ ipò rẹ̀, ọjọ́ tó kú, ìyẹn 22 Oṣù Kẹsàn-án 1944, àti itẹ́ òkú àwọn ọmọ ogun ní Rangoon tí wọ́n sin ín sí. Ó péye. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni àkọsílẹ̀ mọ, ìtàn ọkùnrin yìí sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ àlùfáà ni, àbíkẹ́yìn nínú ọmọkùnrin márùn-ún. Nígbà tí àwọn ará Jàpáànì gba Bọ́mà ní 1942, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì padà sẹ́yìn lọ sí Íńdíà, òun dúró lórí òkè láàárín àwọn Karen, ẹ̀yà kan ní Bọ́mà, ó ń wọ aṣọ wọn, ó sì ń kó wọn jọ láti kojú ọ̀tá. Nígbà tí àwọn ará Jàpáànì gbọ́ pé ó wà níbẹ̀, wọ́n mú ó kéré tán 270 nínú àwọn Karen, títí kan àwọn baálẹ̀, wọ́n dá wọn lóró, wọ́n sì pa nínú wọn. Kí ìyà àwọn tó gbà á lálejò lè dópin, Seagrim fi ara rẹ̀ lé ọ̀tá lọ́wọ́ ní Oṣù Kẹta 1944. Wọ́n dájọ́ ikú fún òun àti àwọn Karen kan. Ó bẹ̀bẹ̀ pé àṣẹ òun ni wọ́n tẹ̀ lé, kí wọ́n dá wọn sí, ṣùgbọ́n àwọn náà ti pinnu pé àwọn yóò bá a kú, wọ́n sì pa gbogbo wọn. Ará Ọ̀yọ́ mọ ohun tí à ń pè ní abọ́bakú, ṣùgbọ́n kò sí oyè tàbí àṣà kankan tó de àwọn Karen wọ̀nyí mọ́ ikú àlejò wọn. Ọmọ ọdún 35 ni Seagrim. Ní 1946 ni wọ́n fi George Cross, àmì ẹ̀yẹ ìgboyà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá a lọ́lá.

Ohun tó wù mí jù nínú iṣẹ́ àjọ náà ni pé bí wọ́n ṣe kọ ti Méjọ̀ ni wọ́n kọ ti ṣọ́jà lásán tó ti Nàìjíríà lọ sí Bọ́mà kan náà. Orúkọ àwọn ará Nàìjíríà wà lára nǹkan bí 27,000 tí a kò mọ ibojì wọn, tí wọ́n kọ sára ògiri ìrántí ní Taukkyan, nítòsí Rangoon. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí fún ogun àkọ́kọ́. Ní 2021, àjọ náà fúnra rẹ̀ gbé ìwádìí jáde pé ó kéré tán 116,000 ènìyàn, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ará ìlà-oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì, ni wọn kò dárúkọ tàbí tí wọn kò ṣe ìrántí wọn rárá, ó sì tọrọ àforíjì. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá òkú ogun àkọ́kọ́ tí kò rí i, kí ó má ṣe gbà pé onítọ̀hún kò lọ sógun.

Ẹni tó bá ń wá ti Bọ́mà, kí ó má fi àmì ohùn sí orúkọ. Àwọn akọ̀wé ológun ayé ọjọ́un sábà máa ń fi orúkọ ìlú ṣe orúkọ ìdílé fún ṣọ́jà, nítorí náà bí orúkọ bàbá kò bá jáde, kí ó tẹ Ogbomosho, bí wọ́n ti ń kọ ọ́ nígbà náà, tàbí Oyo, kí ó yan Nigeria Regiment, kí ó sì ka àwọn tó bá jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.