Àyẹ̀wò ikọ́ ife tí mo mú àbúrò mi lọ ṣe: láàbù wọn gbayì, gate wọn ò dáa

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mi ò fẹ́ kọ nǹkan kan nípa ibí yìí tẹ́lẹ̀, àmọ́ àwọn tó ń bi mí ládùúgbò ti pọ̀ jù, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibùdó àyẹ̀wò ìjọba ni, lápá Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn níbí, mi ò ní dárúkọ wọn.

Tẹ́lọ̀ ni àbúrò mi ní Ṣángo. Ọdún kejì rèé tó ti kọ́kọ́ lo oògùn ikọ́ ife, ó lò ó fún oṣù méjì, ikọ́ lọ, ó wá rí i pé ìtọ̀ òun pupa bíi zóbò, ẹ̀rù bà á, ló bá kó ìyókù oògùn sábẹ́ máṣíìnì ìránṣọ ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé rifampicin, ọ̀kan nínú oògùn tó ń lò, ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé kò ní wàhálà. Ibòmíì ló ti gba ìyẹn ṣá, ẹ jẹ́ n má dá wọn lẹ́bi ohun tí wọn ò ṣe. Ikọ́ wá padà dé lọ́dún yìí, ó ń jẹ kápúsù kẹ́mísì kiri títí ṣòkòtò fi ń já bọ́ nídìí ẹ̀, èmi ni mo wọ́ ọ sínú Micra láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Bàbá kan lẹ́nu gate ní ká mú owó káàdì wá, ẹgbẹ̀rún kan náírà. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò yìí àti oògùn ẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, wọ́n dẹ̀ kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó tó wà lẹ́yìn orí bàbá yẹn gan-an! Mo nàka sí pátákó, ó ní "Àǹtí, ẹ máa wọlé." A tún dé tábìlì, nọ́ọ̀sì pariwo láàárín èrò, "Ta ló ní TB nínú yín?" Díẹ̀ ló kù kí àbúrò mi sá lọ.

Àmọ́ láàbù wọn, háà. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ mú un jáde lọ sábẹ́ igi máńgòrò, ó ní kó hú u látinú àyà dáadáa, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lòun ń fẹ́, òun ò fẹ́ itọ́. Ó da omi oògùn kan sí i, ó mì í, ó fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, ó fà á sínú kátíríìjì kékeré kan, ó tì í bọ inú GeneXpert, máṣíìnì tó ń yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò. Kò tó wákàtí méjì tí èsì fi jáde, ohun tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ní kí wọ́n gbin kòkòrò ikọ́ ife kó hù, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni.

Ikọ́ ife ni lóòótọ́, rifampicin ò dẹ̀ ran kòkòrò yẹn mọ́. Mo ní ṣé ayédèrú oògùn ni wọ́n fún un nígbà yẹn ni? Ọmọ yẹn ní rárá. Ó ní DNA kòkòrò yẹn dà bí ìwé, nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.4 lẹ́tà ló wà nínú ẹ̀, apá kan tí wọ́n ń pè ní rpoB ló ń sọ bí ibi tí rifampicin ti ń di kòkòrò mú ṣe máa rí. Ó mú báírò, ó kọ TCG, lẹ́tà mẹ́ta inú rpoB, sẹ́yìn páálí ìbọ̀wọ́, ó fagi lé C, ó kọ T sí i. Ó ní àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn. Ṣé ẹ mọ ọkọ́ àti ọkọ̀? Àmì kan péré, ẹni tó ń lọ roko ti wọ mọ́tò.

Oògùn kọ́ ló dẹ̀ kọ àṣìṣe yẹn o, bí kòkòrò bá ṣe ń bímọ ló ń ṣèèṣì, bóyá ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù 100 ló máa bọ́ sí ti rifampicin. Ìdí tí wọ́n fi ń pa oògùn mẹ́rin pọ̀ nìyẹn, èyí tó bá bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan, òmíì á mú un. Ẹni tó bá wá ń lò ó tó ń fo ọjọ́ bíi tẹni tiwa, àwọn tó rọ̀ ló ń pa, ó ń fi gbogbo ilé sílẹ̀ fún olórí kunkun. Tàbí kó jẹ́ olórí kunkun ẹlòmíì ló fà símú, ìyẹn náà ń ṣẹlẹ̀.

Ohun tó bí mi nínú ni pé rpoB nìkan ni irú kátíríìjì yẹn ń wò, ẹni tí ò bá béèrè, wọn ò ní sọ fún un ní tábìlì. Isoniazid tó wà nínú oògùn mẹ́rin yẹn ńkọ́? Tútù nìyẹn ń wọlé, kòkòrò fúnra ẹ̀ ló ń fi katG, apá míì nínú DNA ẹ̀, sè é di májèlé tó máa pa á. Tí katG bá ti bàjẹ́, iná kú nìyẹn, májèlé ò jinná. Wọ́n ní láti gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ míì lọ síbòmíì, ọjọ́ mọ́kànlá la fi dúró, isoniazid náà ò ṣiṣẹ́. UCH, ilé ìwòsàn ńlá wa níbí, ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú irú ikọ́ ife tí oògùn méjèèjì yìí ò ràn ní Nàìjíríà lọ́dún 2010, abẹ́rẹ́ pọ̀ nínú ẹ̀ nígbà yẹn. Ní báyìí oníhóró ni wọ́n fún un, bedaquiline wà níbẹ̀, oṣù mẹ́fà. Ọwọ́ mi ni oògùn wà, mo ń kà á.

Láàbù, márùn-ún nínú márùn-ún. Tábìlì, méjì, torí pé fáànù wọn ń ṣiṣẹ́. Gate, òdo. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ débẹ̀ kí aago mẹ́jọ tó lù, ihò mẹ́rin ni máṣíìnì yẹn ní, ẹni karùn-ún á jókòó wákàtí méjì míì.