Mo fi aró àti tọ́ọ̀ṣì UV wá ibi tí gáàsì éésì ọkọ̀ mi ti ń jò

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n rọ gáàsì sí éésì ọkọ̀ mi kí n tó gbà pé agbọ̀n ni mo fi ń pọn omi. Bí wọ́n bá rọ ọ́ tán, inú ọkọ̀ á tutù nini. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, atẹ́gùn gbígbóná ló kù. Éésì kì í mu gáàsì bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń mu epo. Èyí tó wà nínú rẹ̀ náà ló ń yí po. Tó bá tètè tán báyẹn, ó ń jò níbì kan ni.

Mẹkáníìkì mi ti fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé páìpù, kò hó. Ọṣẹ wúlò bí ihò bá tóbi. Èyí tó ń yọ́ jò bíi tèmi kì í jẹ́ kó hó rárá. Ni mo bá ra aró tó máa ń bá gáàsì jáde níbi tó bá ti ń jò, tó sì ń tàn lábẹ́ iná UV, ìyẹn iná elésè àlùkò: ìgò kékeré kan tó ní rọ́bà àti ẹnu tí wọ́n ń kì bọ páìpù éésì, tọ́ọ̀ṣì UV kan, àti awò tí ojú rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. Ẹ wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó ra tiyín o. Irú gáàsì tí wọ́n ń pè ní R-134a ni ọkọ̀ tèmi ń lò, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun ti bọ́ sí R-1234yf, ẹnu wọn ò sì bára mu. Ẹ sì yẹra fún èyí tí wọ́n bá po oògùn dínhò-dínhò mọ́. Ó lè dí ibi tí kò yẹ kó dí, ó sì lè ba ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa gáàsì jẹ́.

Mo wọ ìbọ̀wọ́, nítorí gáàsì yẹn lè mú kí ẹran ara dì. Mo tan ẹ́ńjìnnì, mo ṣí éésì dé òpin, mo sì fún aró náà wọlé. Ohun tí mo yìn jù ni pé ẹnu rẹ̀ kò lè wọ ibi tí gáàsì ti ń fi agbára tì. Ara páìpù tó sanra nìkan ló ti wọlé. Ẹni tó ṣe é mọ̀ pé aláìmọ̀kan bíi tèmi ń bọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo rí i tó ń tàn yòò ní àwọ̀ ewé. Mo ti ń dúpẹ́ kí n tó rántí pé ẹnu ibi tí mo ti fún un wọlé ni, èyí tó ta sílẹ̀ nígbà tí mo yọ rọ́bà. Mo nù ún kúrò. Omi rédíétọ̀ náà tún fẹ́ tàn mí jẹ, nítorí òun náà ń tàn lábẹ́ iná UV.

Ọjọ́ kẹfà ni àṣírí tú. Níbi tí páìpù ti wọ condenser (èyí tó ń tu ooru gáàsì dànù níwájú ọkọ̀), lápá ìsàlẹ̀, mo rí òrùka tín-ín-rín kan tó ń tàn. Ojú mi ti rí ibẹ̀ tipẹ́: erùpẹ̀ dúdú ló lẹ̀ mọ́ ọn. Mi ò mọ̀ pé òróró tó ń bá gáàsì jáde ló ń mú erùpẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Rọ́bà róbótó inú rẹ̀ ti gbẹ. Wọ́n fa gáàsì tó kù, wọ́n pààrọ̀ rọ́bà náà, wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbẹ, wọ́n sì wọn gáàsì tuntun sí i bí ìwé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣe wí.

Tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ni kò dáa. Wọ́n ní ó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, irọ́ ni. Inú òkùnkùn biribiri náà, àfi kí ẹ sún un mọ́ nǹkan. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni awò yẹn, àmọ́ bí mo bá ti bọ́ ọ, iná elésè àlùkò náà á bo aró mọ́lẹ̀.

Bó bá jẹ́ inú dáṣíbọ́ọ̀dù ni evaporator (èyí tó ń mú atẹ́gùn tutù) ti ń jò, ojú yín ò lè dé ibẹ̀. Omi éésì tó ń kán lábẹ́ ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí. Bí kò bá sì sí aró níbẹ̀, ẹ wá ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn gáàsì. Èmi náà yẹ tèmi wò níjọ́ kejì tí wọ́n tún ọkọ̀ náà ṣe. Ẹrẹ̀ ni mo bá níbẹ̀.