Ìkìlọ̀ fún gbogbo ẹni tó fẹ́ gbé rìgì láti Kàdúná: ẹ má sanwó fún ẹni tí kò ní lóbẹ́ẹ̀dì

Ẹ̀yin tá a jọ ń gbẹ́ bọ́họ̀ọ̀lù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra rìgì àlòkù, ẹ̀rọ tá a fi ń gbẹ́ ẹ, ẹ dákun, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni pé kó fi lóbẹ́ẹ̀dì, ọkọ̀ gígùn tí pẹpẹ ẹ̀ sún mọ́lẹ̀, bá yín gbé ẹ̀rọ. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí mo ti ń kọ ọ́ tí mo sì ń pa á rẹ́. Ojú ń tì mí ni. Èmi tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí láti ọdún 2009, èmi tí mo máa ń pariwo mọ́ àwọn ọmọṣẹ́ mi pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sanwó ọjà tí ojú ẹ̀ kò tíì rí, èmi náà ni ọmọkùnrin kan fi fóònù lásán gba ₦4,380,000 lọ́wọ́ mi. Fóònù lásán! Mi ò rí ojú ẹ̀ rí títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí rìgì. Oníṣòwò kan tó ń kó wọn wọlé láti Ṣáínà ló tà á fún mi. Orí flat rack, pẹpẹ irin tí kò ní ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́, ni wọ́n gbé e dé èbúté orí ilẹ̀ tó wà ní Kakuri ní Kàdúná, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2018. Kò lè wọ kọ̀ǹténà, torí inú kọ̀ǹténà ò ju nǹkan bíi mítà 2.35 lọ ní fífẹ̀, rìgì yìí sì fẹ̀ tó mítà 3 láti ẹsẹ̀ káátápílà kan sí ìkejì. Tọ́ọ̀nù 24 ni. Mo wọkọ̀ lọ síbẹ̀ fúnra mi, mo ní kí wọ́n tan án, mo gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, mo ka ọ̀pá ìgbẹ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, 40 ló pé. Lórí rìgì, mo lajú. Ọ̀nà tí yóò gbà dé Ìgbẹ́tì ni mo di ojú mi sí.

Ìgbẹ́tì àti Kìṣí ni iṣẹ́ wà. Ẹni tó bá ti gbẹ́lẹ̀ ní Òkè-Ògùn rí mọ̀ pé òkúta ibẹ̀ kì í ṣe ohun tá a ń fi rìgì kékeré bẹ̀. Ní Èkó ẹ lè fi omi àti ẹrẹ̀ gbẹ́ ẹ, iyanrìn ni, ṣùgbọ́n lórí òkúta, háámà tó ń fọ́ òkúta nísàlẹ̀ àti kọ̀mpírẹ́sọ̀ ńlá tó ń fi afẹ́fẹ́ tì í ni yóò sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra ẹ̀rọ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Mi ò ra á fún ṣe-ká-rí-mi, bí aládùúgbò mi kan ṣe ń sọ kiri.

Nígbà tí mo sanwó rìgì tán, mo bi ọmọ ọ́fíìsì oníṣòwò yẹn bóyá ó mọ ẹni tó ní lóbẹ́ẹ̀dì. Ó fún mi ní nọ́ńbà kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó pe nọ́ńbà náà, ẹni tó ni ín ló pè mí. "Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú ìrìn àná o." Yorùbá tó já gaara. Ó ní Kàdúná ni wọ́n bí òun sí, pé ọmọ Ọ̀yọ́ ni ìyá òun. Inú mi dùn! Mo ń sọ lọ́kàn mi pé ọmọ wa ni, kò ní jẹ́ kí ìyà jẹ mí nílẹ̀ onílẹ̀. Báwo ló ṣe mọ̀ pé mo rìnrìn àjò lánàá? Mi ò bi í. Ìyàwó mi bi mí ní alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, mo ní kó má bá mi dá sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́.

Ó fi fọ́tò lóbẹ́ẹ̀dì mẹ́ta ránṣẹ́, ó fi fídíò ọ̀kan kún un níbi tí wọ́n ti ń de káátápílà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣéènì. ₦4,500,000 la jọ fẹnu kò sí, láti Kakuri títí dé ojú iṣẹ́ ní Ìgbẹ́tì, kí n san ìdá 70 nínú 100 ṣíwájú. Ìyẹn ₦3,150,000. Mo san án ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 11 ààbọ̀ àárọ̀. Mo rántí aago náà torí orí òkìtì iyanrìn ni mo dúró sí tí mo ti tẹ fóònù, tí mo sì ń rẹ́rìn-ín.

Orúkọ tó wà lórí àkáǹtì kì í ṣe orúkọ tó pe ara ẹ̀ fún mi. Ó ní akọ̀wé owó òun ni. Mo gbà. Ẹ má bú mi. Ta ni nínú wa tí kò tíì sanwó sínú àkáǹtì ìyàwó dírẹ́bà tàbí àkáǹtì ọmọ ọlọ́jà rí? Gbogbo wa là ń ṣe é. Ó kàn jẹ́ pé orí mi ló fọ́ sí.

Ọjọ́bọ̀ ló sọ pé wọ́n ti gbé rìgì kúrò. Mo ní kó fi fọ́tò ránṣẹ́. Ó ní nẹ́tíwọ́kì ò dáa. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ní kí n san ₦380,000 fún ìwé àṣẹ ẹrù tó tayọ ìwọ̀n. Mo san án. Ọjọ́ Ẹtì, ₦250,000 fún àwọn ọlọ́pàá tí yóò máa sìn ín lọ. Mo san án. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ní afárá Jẹ́bà ní owó tirẹ̀, ₦180,000, ó sì fi rìsíìtì kan ránṣẹ́ tí wọ́n lu òǹtẹ̀ aláwọ̀ búlúù sí. Mo wo rìsíìtì yẹn lónìí, ẹkún fẹ́ẹ̀ gbọ̀n mí. "Brigde" ni wọ́n kọ síbẹ̀. B-R-I-G-D-E! Èmi tí mo jókòó sí kíláàsì! Mo gba afárá yẹn kọjá láìmọye ìgbà, ẹnikẹ́ni ò tíì gba owó afárá lọ́wọ́ mi rí. Mo mọ̀. Mo mọ̀, mo sì san án, torí pé mo ti san ti àkọ́kọ́, mo ti san ìkejì, mo ń rò ó pé tí n kò bá san ìyókù, èyí tí mo ti san yóò ṣòfò.

Ọjọ́ Ajé ló wá ní wọ́n já wáyà iná ìlú kan ní Agaie, pé àwọn ará ìlú ń béèrè ₦420,000. Ibẹ̀ ni mo ti gbaná jẹ. Mo bú u, mo bú bàbá tó bí i. Mo ní irọ́ ni, báwo ni lóbẹ́ẹ̀dì ṣe máa já wáyà? Ó ní tí mi ò bá san án, wọ́n á dáná sun rìgì. Mo san án ní aago 9 alẹ́. Nígbà tó di aago 9 ààbọ̀, fóònù ẹ̀ kú. Títí di òní.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò fi sùn. Dírẹ́bà mi kan tó máa ń ná ọjà Bidá ló bá mi dọ́gbọ́n sí i títí tí a fi gbọ́ pé rìgì aláwọ̀ ìyeyè kan wà nínú gàráàjì tírélà ní Mòkwá. Mo wọkọ̀ ní òru. Ẹ̀yin ará, orí tírélà lásán ni mo bá a! Kì í ṣe lóbẹ́ẹ̀dì rárá! Tírélà tí wọ́n fi ń kó sìmẹ́ǹtì. Ẹsẹ̀ káátápílà yọ síta lọ́tùn-ún lósì, okùn oníṣu ni wọ́n fi dè é, tọ́ọ̀nù 24, okùn oníṣu! Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Rìgì tí wọ́n bá tẹ́ mááàstì ẹ̀, òpó gíga tó ń gbé ọ̀pá ìgbẹ́lẹ̀, sílẹ̀ ga ní mítà 3.1. Pẹpẹ lóbẹ́ẹ̀dì máa ń tó mítà 1 sílẹ̀, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ mítà 4.1. Pẹpẹ tírélà yìí tó mítà 1 ààbọ̀. Ìyẹn jẹ́ mítà 4.6. Kí ni kò ní já wáyà? Orí mááàstì ti tẹ̀ bí ìka ẹni tó ń pe ènìyàn.

Mo fò mọ́ dírẹ́bà. Bàbá Nupe kan ni, irùngbọ̀n ẹ̀ ti funfun. Mo ti ń pe é ní olè, mo ti ń sọ oríṣiríṣi nípa àwọn ará òkè Ọya, ohun tí kò yẹ kí n sọ, kó tó mú fóònù ẹ̀ jáde tó fi álẹ́ẹ̀tì hàn mí. ₦900,000 péré ni ọmọ wa fi ránṣẹ́ sí i nínú mílíọ̀nù mẹ́ta ó lé tó gbà lọ́wọ́ mi. Ó ní òun yóò san ₦700,000 yòókù ní Mòkwá. Bàbá yìí ti ń dúró dè é fún ọjọ́ mẹ́rin. Kò sí ìwé àṣẹ kankan lọ́wọ́ ẹ̀, kò rí ọlọ́pàá kankan tó sìn ín. Wáyà tó já ní Agaie nìkan ló jẹ́ òótọ́! Èyí tí mo bá a jà lé lórí jù lọ, òun nìkan ni kì í ṣe irọ́, kọ́bọ̀ ò sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Agaie nínú ẹ̀. Táyà ìpààrọ̀ àti jáàkì bàbá yẹn ni wọ́n gbà dípò. Ọmọ Nupe ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ọmọ wa ni, a-fẹ̀jẹ̀-sínú-tutọ́-funfun, tó ń kí mi ní ẹ káàárọ̀ sà.

Ṣùgbọ́n háámà mi kò sí níbẹ̀. Bátìrì méjèèjì ti lọ. Ọ̀pá ìgbẹ́lẹ̀ tí mo kà ní 40, ó ku 18. Bàbá ní àwọn ọmọ gàráàjì ló jí i lóru nígbà tí òun lọ kírun. Bóyá. Mo ti san ₦700,000 tirẹ̀ fún un kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan rìgì. Mo tún wá gba kírénì ní ₦350,000 àti lóbẹ́ẹ̀dì gidi láti Ìlọrin ní ₦1,900,000. Nígbà tá a fi máa dé Ìgbẹ́tì, ó ti pẹ́ ní ọjọ́ 19, wọ́n sì ti gbé iṣẹ́ Kìṣí fún ẹlòmíràn.

Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àdéhùn ni, kí n wá lọ́yà. Lọ́yà ní kí n má dárúkọ ẹnikẹ́ni níbí. Ó dáa, mi ò dárúkọ. Mi ò sì sọ pé oníṣòwò tó ta rìgì mọ̀ sí i o. Mo kàn ń béèrè: ọmọ ọ́fíìsì ta ló fún mi ní nọ́ńbà? Ta ló sọ fún ọmọkùnrin yẹn pé mo rìn lánàá? Mo pe ọmọ ọ́fíìsì yẹn, ó ní òun ò mọ ọmọkùnrin náà rí, pé "wọ́n máa ń fi káàdì sílẹ̀ ní ọ́fíìsì" ni. Káàdì! Ní báyìí, gbogbo wọn ni mo ń fura sí, ẹni tó ń ta rìgì, ẹni tó ń ta háámà, títí kan ẹni tó ń ta dísẹ́ẹ̀lì fún mi láti ọdún mẹ́jọ.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe nìyí, mo fẹ́ yára sọ ọ́ torí inú ń bí mi. Ẹ lọ dúró ti ọkọ̀ fúnra yín kí wọ́n tó gbé ẹrù sórí ẹ̀, kẹ́ ẹ fojú rí i pé lóbẹ́ẹ̀dì ni. Ẹ gba nọ́ńbà ọkọ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìkànnì FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, kẹ́ ẹ yẹ orúkọ ilé iṣẹ́ wò lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Àkáǹtì ilé iṣẹ́ yẹn ni kẹ́ ẹ sanwó sí, kì í ṣe ti akọ̀wé. Ẹ wọn gíga ẹrù pọ̀ mọ́ gíga pẹpẹ ọkọ̀. Ẹ ní kó fi ìwé ìbánigbófò ẹrù tó wà lójú ọ̀nà hàn yín, kẹ́ ẹ sì pe ilé iṣẹ́ ìbánigbófò náà fúnra yín. Ẹ yọ háámà, ẹ fi ọkọ̀ ara yín gbé e. Ọmọṣẹ́ yín kan gbọ́dọ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Ó tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ wá sọ pé "àgbà bí ẹ̀yin", mo ti sọ ọ́ fún ara mi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọṣẹ́ mi tó kéré jù ló fi hàn mí lánàá pé fọ́tò lóbẹ́ẹ̀dì kan náà ti tún jáde lórí WhatsApp, pẹ̀lú nọ́ńbà tuntun. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ ní òun ń gbé ẹrù láti èbúté Dala ní Kánò báyìí. Ọkọ̀ pupa ni, wọ́n kọ "Allah Ya Isa" sí iwájú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí fọ́tò yẹn, ẹ sá.

Háámà mi sì rèé: ínǹṣì 5, mo fi ọ̀dà funfun kọ 7 sí ọrùn ẹ̀, ó sì ní ojú ibi tí a ti jó o lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí wọ́n bá gbé e wá bá, ní Mòkwá, Bidá tàbí Ìlọrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Màá rà á padà, mi ò sì ní béèrè ibi tẹ́ ẹ ti rí i.