Ẹ Ṣọ́ra fún Wúfà Abẹ́ Ìjókòó Tí Wọ́n Kọ 1200W Sí Lára

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ fẹ́ ra wúfà kékeré (sípíkà tó ń gbé báàsì jáde) sínú mọ́tò ní Adó-Èkìtì àti agbègbè rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó na owó yín. ₦95,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Mi ò ní dárúkọ ìsọ̀ náà. Lákọ̀ọ́kọ́, mi ò lówó lọ́yà. Lẹ́ẹ̀kejì, àwọn méjì tí mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún ti kó sí irú rẹ̀ rí, ní ìsọ̀ tó yàtọ̀ sí tèmi. Tí mo bá dárúkọ ẹnì kan, ẹ ó máa sá fún ẹni yẹn, ẹ ó sì lọ kó sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀.

Kia Picanto ni mo ń gùn, tòkunbọ̀. Búùtù rẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti ki àpò ìrẹsì kan àti kẹ́ẹ̀gì epo méjì sí i, ó kún nìyẹn. Ìyàwó mi ló sì ni búùtù náà, kì í ṣe èmi. Tó bá di ọjọ́ tó ń ra iṣu bọ̀ láti Ìkọ̀lé, ìjókòó ẹ̀yìn pàápàá á di ti iṣu. Torí náà mi ò lè gbé àpótí wúfà onínṣì 12 síbẹ̀ kí ilé má dàrú. Ṣùgbọ́n báàsì wù mí. Kéèyàn máa gbọ́ fújì láìsí báàsì, bí ẹni ń jẹ iyán láìsí ọbẹ̀ ni. Nígbà tí mo wá gbọ́ pé wúfà pẹlẹbẹ kan wà tó ń wọ abẹ́ ìjókòó, tó ní ampilifáyà tirẹ̀ nínú (ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára), mo ní ọ̀nà ti là.

Irú wúfà bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́ o, òun kọ́ ni jìbìtì. Jìbìtì náà nìyí.

Ọmọkùnrin tó wà ní ìsọ̀ náà lọ́yàyà. "Dádì, ẹ wọlé, ẹ jókòó. Mọ́tò wo lẹ̀ ń gùn?" Mo ní Picanto. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn oní-Picanto ló ń ra tòun jù. Ó gbé nǹkan dúdú pẹlẹbẹ kan kalẹ̀ sórí káńtà, kò nípọn ju Bíbélì méjì lọ. Wọ́n kọ 1200W, ìyẹn wáàtì 1200, sí i lára pẹ̀lú ọ̀dà pupa. Ó yí rédíò sókè. Ẹ̀yin èèyàn mi, báàsì náà gbá mi láyà! Páànù òkè ìsọ̀ ń gbọ̀n. Mo gbé ike omi mi sórí káńtà, àfi bí ike náà ṣe ń rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sétí, tí mo ní láti sáré mú un kó tó já bọ́. Ìyẹn ló tà á fún mi. Ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí ike tó ń rìn, kí ló tún kù tó fẹ́ bi ẹnikẹ́ni?

Ó mú páálí tuntun tí wọ́n lẹ̀ pa jáde láti ẹ̀yìn ìsọ̀, mo sanwó, ọmọṣẹ́ rẹ̀ so ó mọ́ mọ́tò mi. Kí n tó dé ilé ni mo ti mọ̀ pé nǹkan kò rí bó ṣe yẹ. Ohùn tó ń jáde lábẹ́ ìjókòó dà bí ìgbà téèyàn ń fọwọ́ gbá tìmùtìmù: pùù, pùù, pùù. Tí mo bá yí i sókè, á bẹ̀rẹ̀ sí í ha bí ẹni ikọ́ ń dà láàmú. Mo padà lọ. Ọmọkùnrin náà ní bátìrì mi ni kò lágbára, kí n lọ ra kàpásítọ̀ (nǹkan tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pa mọ́ fún ampilifáyà) ₦25,000. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ kàpásítọ̀ yìí dáadáa, torí òun ni ìwọ̀ kejì. Ẹni tó bá ti gbé ti àkọ́kọ́ mì máa ń fẹ́ gbé èkejì mì kí ti àkọ́kọ́ má bàa ṣòfò. Èmi kò gbé e mì. Àánú owó ló dá mi dúró, kì í ṣe ọgbọ́n.

Ọmọ àbúrò mi tó wà ní yunifásítì tó wà lọ́nà Ìwọ̀rọ̀kọ̀ ló tú àṣírí wọn. Ó lọ síbẹ̀ bí oníbàárà, wọ́n tún gbé eré kan náà kalẹ̀ fún un, páànù tún ń gbọ̀n. Ọmọ náà kàn na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé nǹkan dúdú orí káńtà náà. Kò mira rárá. Ó dúró jẹ́ẹ́ bí òkúta ọlọ. Ó wá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ara káńtà nísàlẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń gbọ̀n. Wúfà onínṣì 12 ni wọ́n fi aṣọ bò sábẹ́ káńtà, òun ló ń kọrin. Èyí tó wà lókè kàn jókòó bí ọba ni.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ń fi ọjà hàn yín, ẹ fọwọ́ lé e. Wúfà tó bá ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ẹ ó gbọ́ ọ nínú egungun ọwọ́ yín. Ẹ tún ní kí wọ́n yọ wáyà rẹ̀ nìkan, kí orin máa lọ. Bí báàsì bá ṣì ń dún, ẹ dágbére fún wọn. Kí ẹ sì gba èyí tí wọ́n fi dán an wò gan-an, kì í ṣe páálí tó ti ẹ̀yìn ìsọ̀ wá. Àwọn kan yóò bínú sí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú.

Mo wá gbé tèmi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń ṣe ríwáyà, tó ti ń ṣe iná mọ́tò kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Kò tí ì tú u rárá tó fi wo ìdí rẹ̀, níbi tí fúùsì wà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Tísà, kí ni wọ́n kọ sí i lára?" Mo ní 1200. Ó fa fúùsì náà yọ, ó fi lé mi lọ́wọ́: fúùsì 10, ìyẹn ampere 10. Ó ní ṣé èmi kọ́ ni mò ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò ni. Iná mọ́tò, tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, nǹkan bíi fóòtì 14 ni. 10 lọ́nà 14 jẹ́ 140. Wáàtì 140 ni ohun tó lè gba fúùsì yẹn kọjá fún ìgbà pípẹ́ kó má jó, ampilifáyà á sì tún fi apá kan nínú rẹ̀ ṣòfò bí ooru. Ibo wá ni 1200 ti wọlé? Ojú tì mí. Ìṣirò alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni.

Ó tú u. Ìta rẹ̀ dà bí onínṣì 8, ṣùgbọ́n sípíkà inú rẹ̀ kò ju ínṣì 6 lọ, wọ́n kàn fi rọ́bà fífẹ̀ yí i ká. Irin pẹlẹbẹ kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn, kò so mọ́ nǹkankan, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí nǹkan náà wúwo lọ́wọ́. (Èmi náà ti gbé e wò ní ìsọ̀, mo sì ní lọ́kàn mi pé, "èyí wúwo, ojúlówó ni.") Bàbá wá fi ohun tí kò sí níbẹ̀ hàn mí. Ampilifáyà mọ́tò tó bá lágbára gbọ́dọ̀ ní òrùka kan tí wọ́n wé wáyà bàbà mọ́ yíká. Òun ló ń sọ fóòtì 14 di púpọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ sípíkà. Láìsí i, bí wọ́n ṣe sábà máa ń tò ó, sípíkà ohm 4 (ohm ni ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná) kì í gbà ju nǹkan bíi wáàtì 26 lọ kí ohùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ha. Inú tèmi kò ní òrùka kankan. ₦95,000 fún wáàtì 26, ìyẹn tó bá tiẹ̀ pé 26.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojúlówó ń sọ nípa ara rẹ̀, kẹ́ ẹ lè fi wé e. Kenwood KSC-SW11, tó jẹ́ ti abẹ́ ìjókòó, wáàtì 75 RMS (agbára tó lè máa gbé jáde láìdúró) ni wọ́n kọ sí i, 150 ní góńgó. JBL BassPro SL, onínṣì 8, wáàtì 125 RMS. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ní ẹnjiníà rẹpẹtẹ nìyẹn o, 125 ni wọ́n ń pè. Ta ni ẹni tí a kò mọ bàbá rẹ̀ tó wá ń pe 1200? RMS ni kí ẹ wá lára páálí. "Max", "Peak" àti "PMPO" kò yàtọ̀ sí iye tí aláṣọ kọ́kọ́ ń pè kí ẹ tó ná an. Ẹ tún wo orúkọ dáadáa. Tèmi jọ orúkọ ilé-iṣẹ́ kan tí gbogbo wa mọ̀, àmọ́ létà kan ti sá lọ nínú rẹ̀, èmi tísà kò sì rí i.

Ṣùgbọ́n kí n má fi gbogbo ẹ̀bi lé àwọn gbájúẹ̀ lórí. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n rí wa mú ni pé à ń bèèrè ohun tí kò ṣeé ṣe. Okùn tó nípọn jù lára gìtá báàsì olókùn mẹ́rin, ìgbà 41 ló ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbì ohùn rẹ̀ gùn ju mítà 8 lọ, bíi kẹ́ ẹ to Picanto méjì tẹ̀lé ara wọn, kó sì tún ṣẹ́kù. Láti mú irú ohùn bẹ́ẹ̀ jáde, wúfà gbọ́dọ̀ ti afẹ́fẹ́ púpọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó dún ní ìdajì iye ìgbọ̀n yẹn, kó sì ròkè bákan náà, ìlọ́po mẹ́rin afẹ́fẹ́ ló máa tì. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Hofmann, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó dá ilé-iṣẹ́ KLH sílẹ̀ ní 1957, ti sọ ọ́ di òfin: àpótí kékeré, báàsì tó jinlẹ̀, àti kó ròkè láìjẹ iná púpọ̀, ẹ mú méjì, ẹ̀kẹta á bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá ṣèlérí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún yín nínú nǹkan tí kò ju Bíbélì méjì lọ, ẹ ti mọ ẹni tó jẹ́.

Èyí tó dùn mọ́ àwa onímọ́tò kékeré nínú ni pé mọ́tò kékeré fúnra rẹ̀ ń ran báàsì lọ́wọ́. Bí ẹ bá ti gíláàsì, àwọn ohùn ìsàlẹ̀ tó gùn ju inú mọ́tò lọ á há síbẹ̀, wọ́n á sì lágbára sí i. Mo ti jókòó nínú Yaris ọ̀rẹ́ mi kan tó lo ojúlówó onínṣì 8. Kò mi páànù ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n báàsì gìtá yẹn yọ ketekete, ẹ ó gbọ́ ìka olórin lórí okùn. Ohun tí wúfà kékeré wà fún nìyẹn: kó gba iṣẹ́ ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ sípíkà ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rẹ́ mi yí bọ́tìnì tó ń gé ohùn sí 80Hz (ìgbà 80 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), kí ohùn tó ga ju ìyẹn lọ má wọ wúfà, ó sì gbìyànjú bọ́tìnì 0 àti 180, tó ń mú kí wúfà àti sípíkà ẹnu ọ̀nà jọ ti afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó fi sílẹ̀ síbi tí báàsì ti pọ̀ jù létí awakọ̀. Bọ́tìnì "gain", tó ń mú kí ampilifáyà bá agbára rédíò mu, kì í ṣe fólúùmù o, ẹ má yí i dé òpin.

Ẹ mú tépù ìwọ̀n dání kẹ́ ẹ tó jáde nílé. Púpọ̀ nínú wúfà abẹ́ ìjókòó ga tó sẹ̀ǹtímítà 7, ìjókòó mìíràn kò sì gba 7 tí ènìyàn bá ti jókòó lé e. Ẹ ti ìjókòó síwájú, ẹ tì í sẹ́yìn, ẹ wọn ọ́n níbi méjèèjì. Àwọn tó ní táyà àfirọ́pò tó dùbúlẹ̀ nínú búùtù lè wá irú èyí tó ń wọ inú ihò wíìlì yẹn, JBL ní ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní BassPro Hub. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kẹ́ ẹ yọ táyà jù sílé kí wúfà lè ráyè. Ẹ mọ ojú ọ̀nà wa.

Ó ku ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe so wáyà rẹ̀. Ọmọṣẹ́ ìsọ̀ yẹn so wáyà kékeré tó yẹ kó máa tan wúfà pẹ̀lú rédíò mọ́ iná bátìrì tààrà. Ni wúfà bá ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ní ọjọ́ Sunday kẹta, a múra tán, a fẹ́ lọ síbi ìdúpẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́, mọ́tò dún "kẹ̀", ó sì dákẹ́. Pẹ̀lú gèlè lórí ni ìyàwó mi fi bá mi tì í. Wáyà tí wọ́n sì pè ní bàbà, bàbá ríwáyà fi abẹ ha á, ó funfun nínú: alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà kùn lójú ni. Kò sì sí fúùsì kankan nítòsí bátìrì, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ló yẹ kó wà, kó má jìnnà sí i ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Bí wáyà yẹn bá bó lára irin mọ́tò níbìkan, iná ni.

Mo gbé gbogbo rẹ̀ padà lọ sí ìsọ̀. Wọ́n na ìka sí ìwé ẹ̀rí owó: "Ọjà tí a bá tà, a kì í gbà padà." Mo ní òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 fún mi láyè láti dá ọjà padà bí kò bá ṣe iṣẹ́ tí mo ní mo fẹ́ fi ṣe, àti pé FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, wà fún irú ẹjọ́ báyìí. Ọ̀gá wọn jáde láti ẹ̀yìn, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ka ₦40,000 fún mi, ó ní kí n má bínú, kí n má sì pariwo. Mo gba owó náà. Mi ò gba ti ariwo.

Nǹkan dúdú náà ṣì wà ní ìsọ̀ bàbá ríwáyà. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ kékeré ló ń jókòó lé e tó bá ń bó wáyà. Ó ní irin inú rẹ̀ kì í jẹ́ kó mì.