Ìbọn ìléwọ́ àkọ́kọ́ nílé wa: M&P 9 Shield EZ lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ

Irun ni ìyàwó mi ń dì ní Houston níbí. Nígbà tó bá fi máa ti ṣọ́ọ̀bù dé, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ a ti máa ro ó. Ọwọ́ yẹn ló yan ìbọn wa, kì í ṣe èmi.

Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe, òun àti àwọn ìbejì ló ń sùn sílé. Mo ti yan ìbọn sílẹ̀ lọ́kàn mi: 9mm kan (ìwọ̀n ọta rẹ̀ nìyẹn) tó ń gba ọta 15, tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ń yìn. A yá a yìn ní ilé ìyìnbọn. Ìyàwó mi fa irin orí rẹ̀ sẹ́yìn kí ọta lè wọlé, irin ò lọ. Mo nawọ́ láti bá a fà á. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ fi sílẹ̀. Lóru tẹ́ ò sí nílé, ta ni yóò bá mi fà á?"

Mi ò rí èsì fọ̀.

Ẹni tó ń tajà gbé ìbọn kékeré onísílíńdà jáde, ó ní ti obìnrin nìyẹn. Mo bẹ yín, ẹ má gbà. Bí ìbọn bá ṣe fúyẹ́ tó ló ṣe ń ta ni lọ́wọ́ tó. Ọta mẹ́ta péré ni ìyàwó mi yìn tó fi gbé e kalẹ̀.

Ìgbà tó fa Shield EZ ti Smith & Wesson ni ojú rẹ̀ tó là. Òòlù kékeré kan tó ń mú kí ọta yìn wà nínú rẹ̀, ìyẹn ni sípíríǹgì rẹ̀ kò fi le. Máágásììnì rẹ̀ ní ibi tí a ń fi àtàńpàkò tẹ̀ sílẹ̀, ọta kì í họ ni léèékánná. Ẹ̀yìn ìdìmú rẹ̀ tún ní ìdènà kan: tí ẹ ò bá dì í mú dáadáa, kò ní yìn. Ọta 8 ló ń gbà, mo sì fẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ yẹ nọ́ńbà ara rẹ̀ wò: ilé iṣẹ́ náà pe àwọn tí wọ́n ṣe láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹwàá 2020 padà, torí òòlù wọn lè sán.

Ní ti kíkọ́ni, ohùn mi ló kọ́kọ́ ba nǹkan jẹ́. Pẹ̀lú ìbòtí létí, mò ń pariwo, ó rò pé mò ń bínú sí òun. Mo sanwó fún obìnrin olùkọ́ kan, mo jókòó sẹ́yìn. Ìbọn .22, tí ọta rẹ̀ kéré, ni olùkọ́ náà fi bẹ̀rẹ̀, ní yáàdì 5, ọta kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Ìka kì í kan tírígà títí ojú yóò fi mú àmì. Ọdẹ ni bàbá bàbá mi, kì í jẹ́ kí ẹnu ṣakabùlà rẹ̀ kọjú sí ènìyàn, ìbáà ṣófo. Ohun kan náà ni obìnrin yìí ń tẹnu mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní green card lè rà á, ẹ ó kọ fọ́ọ̀mù 4473, ìyẹn fọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ fún ríra ìbọn, wọn yóò sì yẹ orúkọ yín wò bóyá òfin gbà yín láyè. Ẹni tó wà lórí físà ilé-ìwé kò lè rà á, àyàfi ìwọ̀nba àwọn tí òfin yọ sílẹ̀.

Inú àpótí irin tó ń fi nọ́ńbà ṣí ni ìbọn wa ń gbé. Ní Texas, ẹ̀ṣẹ̀ ni tí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 17 bá rí ìbọn tó lọ́ta nínú mú nítorí pé a fi í síta. Ìyàwó mi ló yan nọ́ńbà náà, ó sì ní kí n fi ojú òkùnkùn ṣí i lẹ́ẹ̀mẹwàá kó tó gbà pé mo ti mọ̀ ọ́n.